Àbúrò Mi, Dán Áàpù Wò Kí O Tó Kó Ẹrù Rẹ Sí I

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, àwọn tó ń ta fóònù kì í bá wa sọ ọ́. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn lójú ọ̀nà Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́, bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó àti bí fọ́tò rẹ̀ ṣe mọ́ tó ni wọ́n máa kọ́kọ́ polówó. Wọ́n á tún ṣí áàpù orin kan, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ wo bó ṣe rẹwà." Ìwọ tó jẹ́ pé TalkBack ló ń ka ojú fóònù sí ọ létí, kí ni ẹwà fẹ́ ṣe fún ọ? Èyí tí ìwọ ń wá ni áàpù tí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ lórúkọ, tí kì í gbàgbé ibi tí o bá a dé, tí kò sì ní jẹ́ kí o máa pe ọmọ ará ilé ní gbogbo ìgbà pé "jọ̀ọ́, wá bá mi tẹ èyí."

Èmi náà kò ríran. TalkBack ni mo ń lò lórí fóònù, NVDA lórí kọ̀ǹpútà, nítorí náà ohun tí mo ń sọ kì í ṣe àgbọ́sọ. Ohun àkọ́kọ́ tí màá sọ lè yà ọ́ lẹ́nu: jáwọ́ nínú wíwá áàpù kan ṣoṣo tí yóò ṣe gbogbo nǹkan. Fi ọ̀kan gbọ́ orin, kí o fi òmíràn gbọ́ ọ̀rọ̀, ìyẹn ìwàásù, lẹ́kíṣọ̀, Bíbélì àti ìwé tí ẹnìkan kà sílẹ̀. Bí orin bá já lágbedeméjì, kí ló bàjẹ́? O kàn tún un fi láti ìbẹ̀rẹ̀, o tún jó sí i. Lẹ́kíṣọ̀ wákàtí méjì kò rí bẹ́ẹ̀.

Wò ó báyìí. Ká ní o ń kàwé ní Adéyẹmí ní Oǹdó, o gba lẹ́kíṣọ̀ sórí fóònù, o wá dùbúlẹ̀ lálẹ́, o ń gbọ́ ọ. O ti gbọ́ ju wákàtí kan lọ kí ìyá wa tó pè. Ẹ kí ara yín tán, o padà síbẹ̀, áàpù náà sì bẹ̀rẹ̀ láti orí pé "Good morning, everybody." Ẹni tó ríran á kàn fi ìka kan ọ̀pá gígùn ìsàlẹ̀ tó ń fi ibi tí ohùn dé hàn, níbi tó rò pé òun dé, ó parí. Àwa ń kọ́? Nínú ọ̀pọ̀ áàpù Android, bí o bá wà lórí ọ̀pá yẹn, bọ́tìnì tí a fi ń gbé ohùn sókè ni wàá tẹ̀ kó lè máa lọ síwájú, ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì máa ń fo ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo fáìlì náà. Ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ. Nínú orin ìṣẹ́jú 5, ìtẹ̀ kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 15, kò burú. Nínú lẹ́kíṣọ̀ wákàtí 2, ìtẹ̀ kan ti gbé ọ fo ìṣẹ́jú 6! Gbólóhùn tí olùkọ́ fi túmọ̀ gbogbo ẹ̀kọ́ náà lè wà láàárín ìṣẹ́jú 6 yẹn, kí o máa fò ó síwá sẹ́yìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé áàpù ìwé ni kí o fi gbọ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Voice wà, ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, kò sì ní ariwo kankan nínú. O kàn fi fódà tí ìwé rẹ wà hàn án, tó bá ti rí i, yóò máa rántí ibi tí o dé nínú ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. O lè fi lẹ́kíṣọ̀ sílẹ̀ lónìí, kí o gbọ́ Bíbélì lọ́la, kí o padà sí lẹ́kíṣọ̀ lọ́túnla, yóò bẹ̀rẹ̀ níbi tí o fi í sí gan-an. Smart AudioBook Player náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ètò inú tirẹ̀ ló kàn pọ̀ jù, ó sì lè tojú sú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ní bọ́tìnì tó ń dá ọ padà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, wọ́n sì lè mú kí olùkọ́ tó ń fa ọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ kíákíá. Bí etí rẹ bá ti mọ́ra, wàá rí i pé lẹ́kíṣọ̀ wákàtí kan kò ní gbà tó wákàtí kan mọ́.

Bí ìwé náà bá jẹ́ èyí tí kò sí lóhùn níbì kankan, má tijú, bẹ ẹnìkan kó kà á sórí fóònù fún ọ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ tuntun, ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023, fi àyè sílẹ̀ fún ṣíṣe ẹ̀dà ìwé lọ́nà tí ẹni tí kò ríran lè gbà lò ó. Fún lílò ni o, kì í ṣe fún títà.

Fún orin, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. VLC tó ní àmì kóònù ojú títì yẹn ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí fóònù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irú fáìlì tí kì í jẹ. Ó tún ní ibi tí o ti lè ní kó dákẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn àkókò kan, kí orin má baà máa kọ títí bátìrì yóò fi kú nígbà tí o bá ti sùn lọ. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ yẹn gan-an sì wúlò fún orin. Gbé àwo àtijọ́ King Sunny Adé wò, ẹni tí ìdílé rẹ̀ jẹ́ ìdílé ọba ní Oǹdó tiwa níbí. Orin jùjú ayé ìgbà yẹn kì í dúró, ọ̀kan máa ń wọnú òmíràn ni títí apá kan àwo yóò fi tán, àwọn tó kó o sórí kọ̀ǹpútà sì máa ń fi gbogbo apá kan sílẹ̀ bíi fáìlì ẹyọ kan. Bí ó bá tó ogún ìṣẹ́jú, ìtẹ̀ kan jẹ́ ìṣẹ́jú 1. Ìtẹ̀ díẹ̀, o ti dé ibi tí gìtá ti ń dáhùn gángan.

Àmọ́ má torí pé mo sọ ọ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Áàpù máa ń yí padà. Èyí tó dára lónìí, wọ́n lè ṣe àtúnṣe sí i lọ́la kí gbogbo bọ́tìnì rẹ̀ di aláìlórúkọ. Kọ́ bí a ṣe ń dán an wò. Kó fáìlì kan péré sí i, kí o fi ìka fa ojú rẹ̀ sọ́tùn-ún láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí o máa gbọ́. Bí TalkBack bá ń sọ "Play, button", "Next, button", ayọ̀ ni. Bó bá jẹ́ "unlabelled, button" ló ń sọ ṣáá, ẹni tó ṣe áàpù náà kò rántí pé a wà láyé. TalkBack fúnra rẹ̀ fún ọ láǹfààní láti sọ bọ́tìnì mìíràn lórúkọ, kì í kàn ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbà. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ni kò lórúkọ nínú áàpù tó dára, sọ ọ́ lórúkọ kí o máa lò ó lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà, tẹ Play, kí o padà fọwọ́ kàn án. Ṣé ó ti di Pause? Àwọn kan wà tí àwòrán wọn ń yí padà tí orúkọ wọn kì í yí padà, kò sì sí bí o ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń lọ tàbí ó ti dúró bí ìdákẹ́jẹ́ bá wà nínú ohun tí o ń gbọ́. Ṣé ó ń sọ iye ìṣẹ́jú tí o dé àti iye tó kù? Pa ojú fóònù, ṣé ohùn ṣì ń lọ? (Níbí ni YouTube ọ̀fẹ́ ti máa ń já wa kulẹ̀: bí o bá ti pa ojú fóònù, òun náà á dákẹ́, yóò sì ti jẹ dátà rẹ kó tó dákẹ́.) Wá fi ìka méjì tẹ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì wàràwàrà, ibi yòówù tí o bá wà. Lórí TalkBack ti Android 11 sókè, ìyẹn ló ń dá ohùn dúró tó sì ń mú un bẹ̀rẹ̀. Lórí iPhone náà, bẹ́ẹ̀ ni VoiceOver ń ṣe é. Áàpù tó bá gba ìtẹ̀ yẹn ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wàhálà, nítorí bí ẹnìkan bá kí ọ lójijì, o kò ní máa wá bọ́tìnì kiri kí o tó dá a lóhùn, kí wọ́n má wí pé ìgbéraga ń dà ọ́ láàmú. Parí rẹ̀ nípa pípa áàpù náà pátápátá kí o tún un ṣí. Bí kò bá rántí ibi tó dé, orin nìkan ni kí o fi gbọ́.

Ní ti ìpolówó, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Áàpù tó ń fi ìpolówó bo ojú fóònù lójijì, tí ibi tí a ti ń pa á kò ní orúkọ, jìnnà sí i, ì báà jẹ́ pé inú fóònù ló ti wà kí o tó rà á. Ẹni tó ríran á wá X kékeré yẹn rí. Ìwọ á máa tẹ ibi tí kò yẹ, wọ́n á sì gbé ọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ní kí o dáunlóòdù nǹkan tí o kò béèrè.

Ohun kan tún wà tó ń lé àwọn ènìyàn sá. Bí orin bá ń lọ tí TalkBack sì ń sọ̀rọ̀, ohùn méjèèjì á máa bo ara wọn. Inú ètò TalkBack, wá ibi tí wọ́n ti ní kí ohùn yòókù rẹlẹ̀ nígbà tí òun bá ń sọ̀rọ̀, kí o tan án. Ohùn TalkBack pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀ tó yàtọ̀ sí ti orin, má ṣe máa dín ọ̀kan kù kí o rò pé o dín èkejì. Lórí kọ̀ǹpútà, tẹ bọ́tìnì NVDA pẹ̀lú Shift àti D, yóò máa yí ọ̀nà tó ń gbà dín ohùn yòókù kù padà, yóò sì máa sọ èyí tí o wà fún ọ.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba orúkọ fáìlì, nítorí ibẹ̀ ni ìyà púpọ̀ ti ń jẹ wá. Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ tí mò ń kọ sí ọ̀rọ̀ yìí dára nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohùn Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú fóònù rẹ kò mọ̀ wọ́n. Kọ "Ẹ̀kọ́ Ìtàn" síbẹ̀ kí o gbọ́ bí yóò ṣe gé e wẹ́wẹ́. Fún fáìlì nìkan, kọ ọ́ láìsí àmì: "Eko Itan". Olùkọ́ èdè Yorùbá tó bá ń ka èyí, ẹ forí jì mí. Kí o sì fi nọ́ńbà ṣáájú rẹ̀, nọ́ńbà tó ní òdo. Májẹ̀mú Tuntun ní orí 260. Bí o bá kó gbogbo rẹ̀ sí fódà kan pẹ̀lú 1, 2, 3 lásán, àwọn ẹ̀rọ kan á ka 1 tán, wọ́n á bọ́ sí 10, wọ́n á bọ́ sí 100, Mátíù á dàrú mọ́ Jòhánù. Kọ 001, 002, 003, yóò tò bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ Bíbélì nìkan ni o sì ń wá, áàpù Bible.is ní ti Yorùbá tí wọ́n ti kà sílẹ̀, o lè gbà á sínú fóònù kí o máa gbọ́ ọ láìsí dátà.

Tí o bá ní kọ̀ǹpútà, inú mi dùn sí ọ. NVDA kò gba kọ́bọ̀. Michael Curran, ará Ọsirélíà tí òun náà kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, James Teh tí kò ríran bákan náà sì dara pọ̀ mọ́ ọn, nítorí pé èyí tí wọ́n ń tà wọ́n jù fún ọ̀pọ̀ afọ́jú. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ lára wa á rántí áàpù orin Winamp tó jáde ní 1997, èyí tí gbogbo káfé ní nígbà náà. Àwọn afọ́jú káàkiri ayé fẹ́ràn rẹ̀, kì í ṣe nítorí ẹwà, bí kò ṣe pé lẹ́tà márùn-ún tó tò tẹ̀ léra lórí kíbọ́ọ̀dù ló ń darí gbogbo rẹ̀: Z fún orin tó kọjá, X kó bẹ̀rẹ̀, C kó sinmi, V kó dúró pátápátá, B fún orin tó kàn. J a máa jẹ́ kí o tẹ orúkọ orin kí o sì lọ bá a tààrà.

Lónìí, foobar2000 ni màá ní kí o gbé sórí kọ̀ǹpútà fún orin. Peter Pawlowski tó ti bá àwọn tó ṣe Winamp ṣiṣẹ́ rí ló gbé e jáde ní 2002. Àwọn tó ríran máa ń sọ pé ojú rẹ̀ gbẹ. Kó gbẹ! Gbígbẹ yẹn gan-an ló jẹ́ kí NVDA lè ka gbogbo rẹ̀ geere, láti orí àkójọ orin dé inú ètò rẹ̀. Iṣẹ́ yòówù tó bá ń ṣe, o lè fún un ní bọ́tìnì tí o bá fẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù, kódà bọ́tìnì tí yóò dá orin dúró nígbà tí o wà nínú iṣẹ́ mìíràn tí o ń tẹ̀. VLC ni kí o fi kún un fún fíìmù àti fún ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn tí kò dún dáadáa, nítorí ó lè gbé ohùn kọjá ìdá ọgọ́rùn-ún. Shift pẹ̀lú ọfà ọ̀tún tàbí òsì fi ìṣẹ́jú-àáyá 3 gbé ọ, Alt fi 10, Ctrl fi ìṣẹ́jú 1. Bí o bá mọ ibi tí o ń lọ gan-an, Ctrl pẹ̀lú T á ní kí o kọ àkókò náà. T nìkan, láìsí Ctrl, a máa kọ àkókò sójú àwòrán fún àwọn olójú, kò sì ní sọ nǹkan kan fún ọ, nítorí náà má ṣe rò pé kọ̀ǹpútà rẹ bàjẹ́.

Fíìmù? Áàpù tó dára jù lọ kò lè sọ ohun tí òṣèré ń ṣe nígbà tó bá dákẹ́. Netflix bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn aṣàpèjúwe sí tirẹ̀ ní 2015, fíìmù Yorùbá wa kò tíì mú un ní àṣà. Yan èyí tí ọ̀rọ̀ àti orin pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání, ọdún 1999, o lè jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù àti orin inú rẹ̀ á máa mú ọ lọ.

Bí o bá wọ mọ́tò láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó, fi ìyápíìsì sí etí méjèèjì bó bá wù ọ́, o ti jókòó. Ṣùgbọ́n tí o bá ti sọ̀kalẹ̀, yọ ọ̀kan. Ọ̀kadà kì í fọn fèrè tán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ó ku ìyá wa tó wà ní Oǹdó. Má ra fóònù olójú gíláàsì fún un nítorí pé ojú rẹ̀ ti ń lọ, kí o wá máa kọ́ ọ ní TalkBack láti Àkúrẹ́ lórí ìpè. Bó bá fẹ́ kọ́ ọ fúnra rẹ̀, ìyẹn dára. Bí kò bá fẹ́, ra rédíò kékeré tó ń gba mẹ́mórì kaadi fún un, irú èyí tó wà lọ́jà káàkiri. Yóò fi gbọ́ Ekimogun FM àti Adaba, yóò sì fi gbọ́ ìwàásù àti orin tirẹ̀. Má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á bá ọ tẹ̀ ẹ́. Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Yan èyí tí bọ́tìnì rẹ̀ yọrí tí wọn kò sì fara kan ara wọn, tí ibi tí a ti ń tan án jẹ́ èyí tí a ń tì tí ó sì ń dún kà, kì í ṣe èyí tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí. Ti ohùn, èyí tí a ń yí ló sàn. Bọ́tìnì tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ á yí orin, bí o bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ á gbé ohùn sókè, ìdàrúdàpọ̀ ni fún àgbàlagbà. Àwọn kan ní nọ́ńbà láti 0 dé 9: ìyá lè tẹ 25 kó sì gbọ́ orin kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Fọwọ́ wá 5 wò, bóyá nǹkan kékeré yọ lójú rẹ̀. Bí kò bá yọ, kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kó gbẹ. Ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kí o rí i pé bátìrì rẹ̀ ṣe é yọ, kó sì jẹ́ irú èyí tó wọ́pọ̀ tí o lè tún rà. Pa á, tún un tàn, gbọ́ bóyá ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé.

Ẹni tó ń ta á yóò ní òun á kó ẹgbẹ̀rún orin sí i fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó lè wá nǹkan rí nínú ẹgbẹ̀rún orin pẹ̀lú bọ́tìnì méjì. Lọ bá àwọn tó ń dáunlóòdù, kí o ka ohun tí ìyá fẹ́ràn fún wọn, kí wọ́n kó o sí i lẹ́sẹẹsẹ bí o ṣe kà á, nítorí ọ̀pọ̀ irú rédíò yìí bí a ṣe kó o sí i ni yóò ṣe máa kọ ọ́. Ìwàásù kọ́kọ́, orin Comfort Ọ̀mọ́gè tẹ̀ lé e, Sunny Adé kẹ́yìn, tàbí bó ṣe wù ú. Gbọ́ ọ̀kan tàbí méjì níbẹ̀ kí o tó sanwó, kí o sì gba risíìtì, nítorí bọ́tìnì rédíò yẹn lè kọ iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù tó parí, ẹni tó tà á á sì ní òun kò mọ̀ ọ́ rí.